Bí mo ṣe rí oko ìrẹsì lábẹ́ ìkùukùu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi sátẹ́láìtì wo oko etí òkun, ẹ gbọ́ o. Akúrẹ́ níbí ni mo ti ń ya máàpù ìrẹsì agbègbè odò Mekong ní Vietnam, ibi tí wọ́n ń gbìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, ṣùgbọ́n tójò bá ti dé, àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń ya fọ́tò bí ojú ṣe ń ríran, á kàn funfun báláú, ìkùukùu ti bo gbogbo ẹ̀. Mo bá yí sí rédà Sentinel-1, sátẹ́láìtì tó ń fi ìgbì rédíò ríran, ìkùukùu ò dí ìyẹn lójú. Ibi tó dùn nìyí: oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dami sí máa ń dúdú bíi kóró iṣin lórí VH, ìyẹn ọ̀kan nínú oríṣi àwòrán tí rédà yẹn ń yà, bí ìrẹsì ṣe ń ga ló ń mọ́lẹ̀ sí i, àmọ́ odò á dúdú jálẹ̀ ọdún. Torí náà ẹ to àwòrán ọdún kan pọ̀, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ oko náà lọlẹ̀ tó tún gòkè, iye ìgbà tí wọ́n gbìn nìyẹn. Ó wù mí gan-an ká gbìyànjú ẹ̀ n'Ílàjẹ.