Bí mo ṣe tọpa ẹjọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ìgboro New York

Lóṣù kejì ọdọọdún, ẹgbẹ́ wa níbí ní Brooklyn máa ń yan ẹnì kan láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?"

Ẹlẹ́dẹ̀ ni o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí dé nǹkan bí àárín rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ̀ kiri ìgboro New York. Ohun tí àwọn onílé bá dà síta ni wọ́n ń jẹ, owó kékeré ni olówó wọn ń ná lé wọn lórí. Bí ẹran bá sanra tán, wọ́n á pa á jẹ tàbí kí wọ́n tà á. Àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Ireland àti mẹ̀kúnnù yòókù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sin ín. Owó ìpamọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹran yìí ń hú òkúta ojú títì, ó sì ń kọlu ọmọdé.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ìlú láti 1784 dé 1831 ni mo kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1917, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má kọ́kọ́ sáré lọ sínú ìwé ìròyìn, torí inú àkọsílẹ̀ yìí lo ti máa mú ọjọ́ tí wàá fi wá ìròyìn. Kó wá "hogs", kó sì wá "swine", torí méjèèjì ni akọ̀wé ń lò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi: òfin jáde pé ẹlẹ́dẹ̀ ò gbọdọ̀ rìn kiri mọ́, àwọn olówó ẹran kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, òfin dẹ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ 1818 ni mo wá pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Wọ́n pe alápatà kan, Christian Harriet, lẹ́jọ́ pé ó ń da ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí ìgboro. Cadwallader Colden, olórí ìlú fúnra rẹ̀, ló jókòó lórí ẹjọ́ náà. Àwọn tó gbèjà Harriet ní ẹlẹ́dẹ̀ ló ń palẹ̀ pàǹtí ìgboro mọ́, pé bí wọ́n bá kó o nílẹ̀, tálákà ló máa jìyà. Colden ò gbà. Ó ní "ìyàwó àti ọmọbìnrin wa" ò lè jáde kí wọ́n má rí ìwà ìdọ̀tí tí ẹran wọ̀nyí ń hù lójú títì. Wọ́n dá Harriet lẹ́bi. Èmi gbà pé ẹlẹ́dẹ̀ ń dọ̀tí, ṣùgbọ́n ìyàwó ta ni Colden ń sọ? Ìyàwó mẹ̀kúnnù tó ni ẹran náà ò sí nínú "wa" tó ń wí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kan ìwé ìròyìn. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀rọ tó ka àwọn ojú ìwé àtijọ́ yìí máa ń ṣì í kà, "hog" á di "bog" tàbí "hug". Ọjọ́ ni kí ẹ tọ̀, kí ẹ fi ojú ara yín ka ìròyìn ọlọ́pàá. Ìjà ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní 1821, 1825, 1826, 1830 àti 1832. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ rèé: àwọn òṣìṣẹ́ ìlú á wọ àdúgbò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá rí, wọ́n á kó o lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn aláìní kí wọ́n fi bọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ tálákà kí wọ́n lè fi bọ́ tálákà! Obìnrin ló sábà máa ń ṣíwájú, aláwọ̀ dúdú àti ará Ireland lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n á yí kẹ̀kẹ́ ká, wọ́n á fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ lu àwọn amúlẹ́dẹ̀, wọ́n á ju ẹrẹ̀ àti oúnjẹ tó ti bàjẹ́ lù wọ́n, wọ́n á da omi gbígbóná sí wọn lára, wọ́n á sì tú ẹran sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọjọ́ 4 oṣù keje 1827 ni oko ẹrú tó parí ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà ìjà mẹ́ta àkọ́kọ́, òfin ṣì gbà kí wọ́n fi aláwọ̀ dúdú ṣẹrú níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí dojú kọ òṣìṣẹ́ ìjọba nítorí ẹran wọn.

Ìyókù yá. Ní 1849, onígbáméjì pa ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn lọ ní ìlú náà. Nítorí ìyẹn, ọlọ́pàá wọ inú àwọn ilé, títí kan yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n lé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí apá òkè ìlú. Ní 1859, wọ́n tún bá wọn débẹ̀, wọ́n wó ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ lulẹ̀. Itòsí gúúsù Central Park ni púpọ̀ nínú wọn wà, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi kún lónìí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo pín ẹjọ́ Harriet fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n tún un dá. Àwọn tó pọ̀ jù gbè sẹ́yìn alápatà. Ọmọbìnrin kan ló béèrè pé nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ lọ tán, ta wá ni ó ń palẹ̀ pàǹtí mọ́? Mo ní ó tó 1895, nígbà tí George Waring di ọ̀gá àwọn agbálẹ̀ ìlú, kí ojú títì New York tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gidi. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí yẹn ì bá ti gba Harriet là." Mo sọ fún un pé Colden ò ní gbọ́.