Èèṣe Tí Iye Akọ àti Abo Èèrà Wa Kò Fi Bá Ti Ìwé Mu?

Ìbéèrè: Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Òmù-Àrán. A kà á nínú ìwé pé ohun tí èèrà òṣìṣẹ́ ń ná sórí abo tó máa di ayaba tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ń ná sórí akọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a gbé abọ́ omi sábẹ́ iná bí a ti máa ń ṣe fún èsúnsún, a sì ka àwọn abìyẹ́ tó já sínú rẹ̀. Akọ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Níbo ni a ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú abọ́ yẹn gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣa èsúnsún kúrò: ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, ìbàdí rẹ̀ kò sì fún, nígbà tí ti èèrà fún bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi dì í. Ọmọ ikán ni èsúnsún, takọ-tabo wọn ló ní bàbá, nítorí náà ìṣirò yìí kò kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn pupa rúsúrúsú tó sanra, tó ń forí sọ gílóòbù kiri, akọ ìjàlọ ni wọ́n. Ayaba ìjàlọ kò ní ìyẹ́ rárá, kò sì ní wá sábẹ́ iná yín bí ẹ tilẹ̀ gbé abọ́ síbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀míì. Inú ilé èèrà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kó wọn, kí wọ́n tó fò.

Ìbéèrè: A gbẹ́ ilé èèrà dúdú kan nídìí igi mángòrò, a bá akọ 40 àti abo 20.

Ìdáhùn: Orí lẹ kà, oúnjẹ tí wọ́n ná ni ìwé ń sọ. Ẹ sá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí ìwọ̀n wọn kò fi ní dín mọ́, kí ẹ sì wọn ogún akọ pọ̀ àti ogún abo pọ̀ lórí irú òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, nítorí ẹyọ kan kò ní mì í. Bí abo kan bá wúwo tó akọ mẹ́fà, abo 20 di ìwọ̀n akọ 120, 120 sí 40 sì ni mẹ́ta sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí abo kó sára láti fi dá ilé tuntun máa ń mú kí ìwọ̀n rẹ̀ ga ju ìnáwó gidi lọ.

Ẹyin tí àtọ̀ kò kàn ló ń di akọ. Akọ èèrà kò ní bàbá, síbẹ̀ ó ní bàbá àgbà. Bí ayaba bá bá akọ kan ṣoṣo lò, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ wà lára wọn, ń bá ara wọn pín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àbùdá wọn, wọ́n sì ń bá arákùnrin wọn pín ìdá kan péré nínú mẹ́rin. Onímọ̀ báyọ́lọ́jì kan, Hamilton, ló ṣàlàyé ìbátan yìí ní 1964. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Trivers àti Hare, ló fi í ṣe ìṣirò ní 1976 pé mẹ́ta sí ọ̀kan ni ìnáwó tó wu òṣìṣẹ́, abo sí akọ. Ayaba ní tirẹ̀ bá takọ-tabo tan dọ́gba, ọ̀kan sí ọ̀kan ló sì wù ú. Ìjà abẹ́lẹ̀ yìí dùn mọ́ mi ju iye náà lọ.

Ìbéèrè: Nínú ilé kejì, akọ nìkan la bá.

Ìdáhùn: Ẹ wá ayaba. Bó bá ti kú, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà èèrà, òṣìṣẹ́ tí kò rí akọ rí lè yé ẹyin, akọ ni gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́. Bó bá wà láàyè, bóyá akọ tó bá a lò ju ẹyọ kan lọ, tí ìbátan àárín àwọn ọmọbìnrin sì dínkù. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tó jáde ní 1996 lórí èèrà Formica exsecta ní Finland, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pa ọmọ akọ níbi tí akọ kan ṣoṣo ti bá ayaba lò, wọ́n sì máa ń dá wọn sí níbi tí akọ ti pọ̀. Nítorí náà, ẹ gbẹ́ ilé mẹ́wàá ẹ̀yà kan náà, kí ẹ ro gbogbo ìwọ̀n abo pọ̀, kí ẹ ro ti akọ pọ̀, kí ẹ tó pín in.