Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀dá Mẹ́rin Inú Ojúbọ Paldea Láì Pa Wọ́n

Ojúbọ mẹ́rin ló wà ní ilẹ̀ Paldea nínú Pokémon Scarlet àti Pokémon Violet, géèmù Nintendo Switch tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹ̀dá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele 60 ni gbogbo wọn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ni pé wọ́n á kó Pokémon (ẹ̀dá tí a ń mú, tí a sì ń fi jà) tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn débẹ̀, wọ́n á sì pa ohun tí wọ́n wá mú. Ẹni tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé a kì í ṣàdédé já wọ ojúbọ. Obìnrin kì í wo Agẹmọ, ọkùnrin tó sì ń tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ mọ ìlànà. Ti Paldea náà ní ìlànà tirẹ̀.

Kọ́kọ́ lọ jókòó ní kíláàsì Raifort, olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ inú géèmù náà. Ó ń sọ bí oníṣòwò kan láti ilẹ̀ ìlà-oòrùn ṣe kó ohun ìṣúra mẹ́rin wá fún ọba Paldea: wàláà (Wo-Chien), idà (Chien-Pao), ìkòkò ìrúbọ (Ting-Lu) àti ìlẹ̀kẹ̀ (Chi-Yu). Ojúkòkòrò àti ìlara ló sọ wọ́n di ẹ̀dá abẹ̀mí tó ń ba ìlú jẹ́, ni wọ́n bá fi èkàn dè wọ́n mọ́lẹ̀. Má fo ìtàn yìí, torí ohun ìṣúra tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ló ń sọ ibi tí yóò ti dùn ọ́.

Gba báàjì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí àwọn olórí Gym ń fúnni bí a bá ṣẹ́gun wọn, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Báàjì méje kò mú Pokémon tó o mú kọjá ìpele 55 gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu; o lè jìyà mú ẹ̀dá náà tán, kó wá máa ṣe orí kunkun sí ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣẹ́gun àwọn Titan márààrún, Pokémon ńláńlá inú géèmù náà, kí Koraidon tàbí Miraidon tí ò ń gùn lè wẹ odò, fò sókè, rà bàbà lójú òfuurufú, kó sì gun òkè. Èkàn mìíràn wà lórí àpáta tí ẹsẹ̀ lásán kò lè dé.

Èkàn 32 ló wà, mẹ́jọ mẹ́jọ fún ojúbọ kan; ìgbà tó o bá tu mẹ́jọ pé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣeé ṣí. Dúró tì í, tẹ A, o ti fà á tu nìyẹn. Àwọ̀ àlùkò ni ti Wo-Chien, gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ni wọ́n pọ̀ sí. Grasswither Shrine sì wà ní South Province Area One. Àwọ̀ ìyeyè ni ti Chien-Pao, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn; Icerend Shrine wà ní West Province Area One. Àwọ̀ ewé ni ti Ting-Lu, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn. Groundblight Shrine wà ní Socarrat Trail. Àwọ̀ aró ni ti Chi-Yu, ní àríwá ìlà-oòrùn. Firescourge Shrine wà ní North Province Area Two. Gba ìwé kan, pín in sí àwọ̀ mẹ́rin, kó o máa fa ìlà bó o ṣe ń tu wọ́n. Ẹni tó bá tu méje tó rò pé mẹ́jọ ni yóò dé ẹnu ilẹ̀kùn, yóò sì padà sí gbogbo igbó tó ti rìn.

Ohun èlò wá kàn. Ra bọ́ọ̀lù tí a ń jù láti mú Pokémon: Ultra Ball 30, 800 ní owó inú géèmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dusk Ball 20 àti Quick Ball 4, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan 1,000. Ultra Ball ń sọ àǹfààní mímú di ìlọ́po méjì. Dusk Ball di ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n alẹ́ tàbí inú ihò nìkan. Níta lẹ́nu ilẹ̀kùn ni ìjà ojúbọ ti ń wáyé, nítorí náà dúró kí ilẹ̀ inú géèmù ṣú kó o tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, 6 péré ni iye ìrọ̀rùn mímú wọn nínú 255. Tí o bá ní Master Ball, bọ́ọ̀lù tí kì í tàsé, fi pamọ́. Ó ṣọ̀wọ́n, àwọn wọ̀nyí kò tó ohun tí a ń ná an lé lórí.

Shroomish ni ká kọ́kọ́ tọ́. Ìpele 23 ló fẹ́ yí padà di Breloom, ṣùgbọ́n tẹ B kó o dá a dúró títí ìpele 40 tó máa kọ́ Spore. Lẹ́yìn náà jẹ́ kó yí padà, kó o fi TM057 (ohun èlò tó ń kọ́ Pokémon ní ọgbọ́n ìjà) kọ́ ọ ní False Swipe. Ìyẹn ń gé HP (ẹ̀mí) ọ̀tá, ó sì ń fi ẹyọ kan sílẹ̀. Spore ń mú un sùn, oorun sì ń sọ àǹfààní bọ́ọ̀lù di ìlọ́po 2.5, Thunder Wave tó ń mú ara ọ̀tá kú ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5 péré. Kí ìkejì rẹ̀ jẹ́ Clodsire tó ní Yawn, ọgbọ́n oorun mìíràn. Ìkẹta, Gallade tó ní False Swipe àti Thunder Wave. Má gbẹ́kẹ̀ lé ìkọlù Psychic rárá, torí irú Dark ni gbogbo wọn, kò ní ràn wọ́n. Grafaiai tó ní Prankster (ẹ̀bùn tó ń jẹ́ kí ọgbọ́n tí kì í ṣe ìkọlù yá) náà, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ tó bá ṣe sí wọn kì í mú wọn.

Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tẹ X, wọ Options, pa Autosave, kó o tẹ R láti fi pamọ́ fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ ẹkún lẹ́nu ojúbọ, ibí ni orísun rẹ̀: géèmù ti fi àṣìṣe pamọ́ kí ọwọ́ tó dé e.

Ní ìgbésẹ̀ kìíní, ju Quick Ball. Ìlọ́po márùn-ún ni, ìgbà yẹn nìkan. Tí kò bá mú un, ìṣe wá kàn. Gbogbo wọn ní Ruination, tó ń gé HP rẹ sí méjì nígbà tó bá bà ọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó. Má sáré fún Pokémon rẹ ní oògùn lẹ́yìn ìkíní: ìkejì ìdajì ohun tó ṣẹ́kù ló máa mú. Dúró kó sún mọ́ ìdá mẹ́rin kó o tó lo Max Potion. Ṣọ́ra fún ohun tó ń jẹ ẹ̀dá náà díẹ̀díẹ̀: májèlé, iná ara, Leech Seed, ìjì iyanrìn, Rocky Helmet lára Pokémon rẹ. Ẹyọ HP kan tó kù náà ni wọ́n máa gbà.

Bí ìjà ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí yàtọ̀ gan-an.

Ting-Lu ni ká fi bẹ̀rẹ̀. HP rẹ̀ tóbi, 155 nínú ìwọ̀n ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n 45 ni eré rẹ̀, Breloom yóò sáájú rẹ̀ ṣe Spore. Irú Ground ló dì mọ́ Dark, nítorí náà Thunder Wave kò ní mú un. Ìkòkò rẹ̀ ń dín Special Attack (agbára ìkọlù tí kì í ṣe ti ara) gbogbo àwọn yòókù kù ní ìdá mẹ́rin kan; fi ìkọlù ti ara bẹ̀rẹ̀.

Wo-Chien yí i po: wàláà rẹ̀ ń dín Attack (agbára ìkọlù ti ara) kù, False Swipe kò sì ní lágbára tó. Fi ìkọlù Special díẹ̀ gé e sísàlẹ̀ ná, kó o tó mú False Swipe wá parí rẹ̀. Spore kò ní ràn án, torí irú Grass kì í gba lẹ́búlẹ́bú. Clodsire ló ni ibẹ̀: Yawn kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló máa sùn. Má gbé Bug kankan sí i lójú. Ìlọ́po mẹ́rin ni, yóò ṣubú.

Chien-Pao ń sáré ní 135, idà rẹ̀ sì ń dín Defense kù. Spore ṣì ń mú un, ṣùgbọ́n Ice máa kọ́kọ́ já Breloom, tí kò bá lágbára tó. Gallade fara dà á jù. Fighting ń pa á ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà yọ Mach Punch kúrò lọ́wọ́ Breloom kó o tó dé ibẹ̀.

Chi-Yu ni alátẹnujẹ wọn. Iná rẹ̀ ń pa Breloom ní ẹẹ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń dín Special Defense kù, Special Attack rẹ̀ sì jẹ́ 135. Clodsire ni kó gba ìjà náà, kó ṣe Yawn, kí Gallade wọlé nígbà tó bá sùn. HP rẹ̀ 55 péré ni, ìkọlù Water kan tó lágbára tó láti fi gé e ní ìdajì ti tó láti fi pa á. Lo ọgbọ́n Water kékeré.

Nípa bátìrì: Switch ti 2019 sókè (yàtọ̀ sí Lite) àti OLED ti 2021 ń ṣe wákàtí 4.5 sí 9. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù nígbà tó o wà ní àárín ìjà, fi power bank tó ní USB-C gbà á. Kò sí pé kí dátà wà. Ojúbọ kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́ọ̀lù bá tán, tẹ Home, kó o tẹ X láti pa géèmù náà, kó o tún ṣí i. Ìgbà tó o bá mú un tán ni kó o padà lọ ṣí Autosave.