Ẹ má fojú wọn ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ẹ tó kọ ebè

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi igi mẹ́ta àti okùn wá ìlà tó dábùú, tí gíga rẹ̀ dọ́gba látòkèdélẹ̀ ìlà náà, kí ẹ tó kọ ebè sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òjò ńlá tó ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń sọ ebè tó dojú kọ ìsàlẹ̀ di ojú àgbàrá. Èyí tó dábùú ló ń dá omi dúró kó lè rì. Ẹ so igi mítà 2 méjì pọ̀ lórí, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, ẹ fi ìkẹta dábùú àárín, kí ẹ so òkúta mọ́ okùn láti òkè kó rọ̀ kọjá ìdábùú. Ẹ gbé e nàró, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan ìdábùú. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì sójú ibi kan náà gẹ́lẹ́, ẹ tún sàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ló dọ́gba, kódà bí ẹsẹ̀ kan bá gùn ju ìkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí, tí ìlà wọn fi ń wọ́. Ẹ wá máa yí ẹsẹ̀ kan síwájú títí okùn á fi bọ́ sójú àmì àárín, kí ẹ kan èèkàn síbẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ dúró ná. Okùn kò ní fara balẹ̀.