Àbàtà Ẹ̀yìnkùlé Yín Kì í Ṣe Àkùrọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Onílé Ọmọ Yorùbá ní Massachusetts

A kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí nítorí ìdílé kan tí a mọ̀ dáadáa, tí wọ́n ra ilé tuntun, tí wọ́n rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà dúdú, ó rọ̀, omi sì ń sun níbẹ̀, tí inú wọn wá dùn pé Ọlọ́run ti fún àwọn ní àkùrọ̀. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n gé igi mẹ́rin, wọ́n da ilẹ̀dú típà mẹ́ta sí i, wọ́n kọ ebè, wọ́n sì gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo. Ewédú náà kò tíì tó já tí ìwé ìgbìmọ̀ ìlú fi dé pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi owó ara wọn gbin igi ìbílẹ̀ ibẹ̀ padà.

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, a kò ní fi ìyẹn fi àkókò yín ṣòfò. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé òun náà ni a ń rí lọ́dọọdún: ojú àkùrọ̀ ilé ni ẹ fi ń wo àbàtà ibí. Nílé, ẹni tó ní àkùrọ̀ kì í ra ẹ̀fọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tó ń gbìn síbẹ̀. Ní Massachusetts, irú ilẹ̀ yẹn gan-an ni òfin ń ṣọ́, nítorí pé ó ń gba omi òjò mọ́ra kí ó má baà ya wọ ilé àwọn ènìyàn, ó sì ń sẹ́ omi kí ó tó dé odò àti kànga.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni Conservation Commission, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó ilẹ̀ àti omi. Òfin ọdún 1957 ni ó gbà kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìlú ńlá àti kékeré tó wà ní ìpínlẹ̀ náà sì jẹ́ 351. Ènìyàn mẹ́ta sí méje ni ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan, sáà ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì gba owó oṣù. Aládùúgbò yín ni wọ́n, tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn bọ̀ kí wọ́n tó wá jókòó ti fọ́ọ̀mù yín lálẹ́. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá fẹ́ pariwo mọ́ wọn.

Ẹsẹ̀ bàtà 100 ni iye tó yẹ kí ẹ há sórí. Iṣẹ́ tó bá ní í ṣe pẹ̀lú gbígbẹ́ ilẹ̀, dídà ilẹ̀ tàbí gígé igi láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí etí àbàtà tàbí bèbè odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá níwájú ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ odò tí kì í gbẹ ní gbogbo ọdún, òfin fẹ ààlà náà sí ẹsẹ̀ bàtà 200, àfi ní àwọn ìlú kan tí ilé ti pọ̀ jù, bíi Boston, Brockton, Lowell àti Worcester, níbi tó ti jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25. A ti gbọ́ tí àwọn ará Worcester ń fi 25 yìí yangàn. Ààlà odò nìkan ni ó dínkù síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ti etí àbàtà àti ti bèbè kò yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú sì tún ní òfin tiwọn tó le ju ti ìpínlẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ ti ń ṣìnà jù ni ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀. Ẹ kì í wọ̀n ọ́n láti ibi tí ẹ ti rí omi. Láti ibi tí ewéko inú àbàtà parí sí ni, ibẹ̀ sì lè gbẹ táútáú ní oṣù Kẹjọ. Ẹ wo ohun tó ń hù níbẹ̀. Bí ìdajì ewéko ibẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jẹ́ irú èyí tó fẹ́ràn omi, àbàtà ni. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ẹ ó rí ewéko kan tí wọ́n ń pè ní skunk cabbage tó ń yọrí jáde nínú ẹrẹ̀, ewé rẹ̀ yóò sì fẹ̀ tó abẹ̀bẹ̀ bó bá yá. Ẹ já a, ẹ gbé e sí imú: òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Ẹ tún wo igi red maple tí gbòǹgbò rẹ̀ rá kálẹ̀ sórí ilẹ̀ dípò kí ó rì wọlé. Bí àbàtà náà bá sì wà nínú ọgbà aládùúgbò, tí kò sí ẹyọ kan nínú tiyín, ẹsẹ̀ bàtà 100 rẹ̀ yóò ré kọjá ògiri wọ ilẹ̀ yín láìbi yín.

Àwáwí tí a ń gbọ́ jù ni pé òfin dá àgbẹ̀ sí. Lóòótọ́ ni ó dá àgbẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí òfin ń sọ ni ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn fún títà ní ọjà. Ebè ewédú mẹ́fà fún ọbẹ̀ ilé kò sọ yín di àgbẹ̀ lójú òfin, kódà bí ẹ bá fún ìyàwó pásítọ̀ nínú rẹ̀. Òfin gbà yín láyè láti gbin igi àti ewéko ìbílẹ̀ Massachusetts sínú ẹsẹ̀ bàtà 100 yẹn láìgba ìwé, níwọ̀n bí kò bá ti wọ inú àbàtà fúnra rẹ̀. Ewédú kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gúsí.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le. Kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú yín, kí ẹ sì gba WPA Form 1, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè bóyá òfin àbàtà (Wetlands Protection Act, WPA) kan iṣẹ́ yín. Ẹ ya àwòrán ọgbà yín sí i, ẹ fi téèpù wọn ìwọ̀n láti ibi tí ebè yóò wà dé etí àbàtà, ẹ kọ iye rẹ̀ sórí àwòrán náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì MassDEP, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká, ti agbègbè yín. Ìpínlẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan lè gba tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ 21, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ìdáhùn náà bá sọ pé Negative, ẹ má jáyà. Ìròyìn ayọ̀ ni, ó túmọ̀ sí pé ẹ kò nílò ìwé mìíràn, ọdún mẹ́ta ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Arákùnrin kan rí ọ̀rọ̀ náà, ó sì lọ tú gbogbo ebè rẹ̀ ká.

Positive ni ó gba iṣẹ́. Ìyẹn ni pé ẹ ó kọ WPA Form 3 láti béèrè àṣẹ, ẹ ó fi lẹ́tà sọ fún àwọn aládùúgbò tí ilẹ̀ wọn wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí tiyín, ìgbìmọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ìta gbangba tí wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu aráàlú láàárín ọjọ́ 21. Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ dúró kí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ kọjá, ẹ lọ fi ìwé àṣẹ náà sílẹ̀ ní Registry of Deeds, ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé ilé àti ilẹ̀ sí, ẹ sì gbé pátákó kan tó kún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin méjì, tí kò ju mẹ́ta lọ, tí nọ́ńbà MassDEP wà lára rẹ̀, síwájú ọgbà. Ẹni tó bá fo gbogbo èyí dá lè san ìtanràn tó tó dọ́là 25,000, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀ràn náà bá sì fi wà nílẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ilé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti bàjẹ́ ni òfin yóò ní kí ó tún un ṣe, wọ́n sì lè bá a fà á fún ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé ilé náà sílẹ̀ ní Registry. Ẹ bi ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ bóyá fáìlì kan ṣí sílẹ̀ lórí ilé náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Kíkó ewé gbígbẹ àti koríko tí ẹ gé dà sínú àbàtà wà lára dídà ilẹ̀. Jíjẹrà tí yóò jẹrà kò yí i padà. Ẹ kó o sínú àpò bébà fún ìlú, tàbí kí ẹ kó ààtàn yín jìnnà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 100. Fún ẹ̀fọ́, garawa onígálọ́ọ̀nù márùn-ún tí ẹ lu ihò mẹ́fà sí nídìí, lórí kọnkéré iwájú ilé níbi tí oòrùn ti ń pa á, yóò fún yín ní ata rodo tó pọ̀ ju ti inú ẹrẹ̀ yẹn lọ.

Bí ẹ̀mí yín bá wà lára odò àti igbó, ìgbìmọ̀ ń wá àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fún kíkó ìdọ̀tí odò àti fífa àwọn ewéko àlejò tó ń gba ilẹ̀ tu. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan kó ara wọn jọ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ṣán Japanese knotweed, ọ̀kan nínú àwọn ewéko àlejò náà, lẹ́bàá ọ̀gbàrá kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Igi rẹ̀ ṣófo bí ọparun, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ègé rẹ̀ bọ́ sómi. Ègé kékeré lásán yóò hù níbi tó bá gúnlẹ̀ sí. Àṣìṣe kan náà ni: iṣẹ́ rere létí omi náà ń gba àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ fi ibi tí ẹ ó dé hàn yín, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá gé sínú àpò dúdú, kí ẹ sì so ó pa. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí eégbọn tó ń fa àrùn Lyme kò ju orí píìnì lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí àwọn ọmọ wò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀mú kékeré fa èyí tí ẹ bá rí yọ gbọọrọ láti ibi ẹnu rẹ̀, láìlọ́ ọ.