Ilẹ̀ Onípákó Kì Í Ṣe Táìsì: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ó Ń Jẹ Owó Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí sí ilé kan ní Tanke, ní Ìlọrin. Pákó igi apá ni wọ́n tẹ́ sí pálọ̀, kò tíì pé ọdún kan. Mo bọ́ bàtà, mo gbẹ́sẹ̀ lé e, ó rí gbágungbàgun lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bíi páànù òrùlé. Etí pákó kọ̀ọ̀kan ti dìde, àárín ẹ̀ ti wọlẹ̀. Mo bi ìyá ilé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Gbogbo àárọ̀ Sátidé la ń da omi ọṣẹ sí i, tí a ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ́ pákó sílẹ̀ láti Ìlọrin dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo ṣì ń bá pàdé.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi èyí sọ́kàn: igi tí a ti là ṣì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tu ú jáde. Nígbà òjò, ó ń fẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó ń súnkì. Gígùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú ẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn á fi owó jóná.

Èkínní, ẹ ò gbọdọ̀ ra pákó ní sọ́mìlì lónìí kí ẹ kàn án mọ́lẹ̀ lọ́la. Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ kó o wọ inú yàrá tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí gan-an, lẹ́yìn tí fèrèsé àti rírẹ́ ògiri bá ti parí, kí ẹ tò ó lórí ara wọn, kí ẹ fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Pákó tútù tí ẹ fẹ́ kí atẹ́gùn nìkan gbẹ, ọdún kan fún íǹṣì kan ìnípọn la máa ń kà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń gún mọ́ igi láti fi wọn omi inú ẹ̀. Tó bá ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, mi ò ní tẹ́ ẹ, bó ti wù kí onílé kánjú tó.

Èkejì, igi tí kò yẹ. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ẹsẹ̀ àga á dá ojú sí i lára, ikán á sì fi ṣe oúnjẹ. Apá, ìrókò àti tíìkì ló ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara pákó náà dáadáa: ibi tó funfun, tó sún mọ́ èèpo igi, kì í lágbára, kódà lára ìrókò. Ibẹ̀ ni ikán àti kòkòrò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí wọ́n sì ń pè ní laminate kì í ṣe pákó. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n kì pọ̀ ni, bébà tí wọ́n ya àwòrán igi sí ló wà lórí ẹ̀. Kò burú bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń rà. Àmọ́ tó bá ha, kò ṣeé fi ẹ̀rọ họ, nígbà tó jẹ́ pé pákó gidi tó nípọn tó íǹṣì kan dín díẹ̀ ṣeé họ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì padà rí bíi tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ju táìsì lọ. Táìsì tó bá fọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ rà mọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹsẹ̀ lásán lórí pákó kì í tutù bíi ti orí táìsì.

Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò tíì gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yíká. Tó bá di ọjọ́ kejì tí ẹ bá rí omi wínníwínní lábẹ́ ẹ̀, tàbí tí ojú sìmẹ́ńtì ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ ní sùúrù.

Ẹ fi ààyè ìdajì íǹṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yíká, kí pákó lè ráyè fẹ̀.

Ó wá ku omi. Omi yìí ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Àwa tí a dàgbà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, a gbà pé ilẹ̀ tí a ò bá da omi sí kò mọ́. Tí omi bá gba àlàfo wọ abẹ́ pákó, atẹ́gùn á gbẹ òkè, abẹ́ ò ní gbẹ. Abẹ́ á fẹ̀, òkè ò ní fẹ̀ tó o, etí pákó á bá dìde. Omi àlùwàlá náà ń ṣe é. Ẹni tó ṣe àlùwàlá tán, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù, á gba ojú kan náà kọjá lọ kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Mo ti rí ojú ọ̀nà dúdú láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi ẹní ìkírun. Ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n fi nusẹ̀.

Kí a wá fi kẹrosíìnì nu ún kó lè dán ńkọ́? Rárá. Ó ń dán fún wákàtí díẹ̀, ó ń kó eruku, fáníìṣì tuntun kì í sì í mú dáadáa lórí ẹ̀.

Èmi náà ti ṣàṣìṣe. Ní ilé kan ní àdúgbò Adéwọlé, pákó ti dìde báyìí nínú òjò. Wọ́n ní ìnáwó lọ́rùn, wọ́n ń kán mi lójú, mo sì gbé ẹ̀rọ sórí ẹ̀, mo họ ọ́ títí tó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Gbogbo èèyàn yìn mí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí abẹ́ pákó gbẹ tán, etí tí mo ti họ kúrò wá wọlẹ̀, àárín yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Owó ara mi ni mo fi tún un họ, ìnípọn pákó wọn tó ti bá a lọ ò sì ṣeé dá padà. Láti ìgbà náà, pákó tó bá dìde, mo máa ń dúró kó gbẹ kó sì fara balẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Òmíràn á padà tẹ́jú fúnra ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo tí ẹ ń rí ní oṣù kìíní ọdún. Ẹ má fi nǹkan dí i. Tí òjò bá dé, pákó á fẹ̀, á ti ohun tí ẹ fi dí i jáde. Àlàfo náà á pa ara ẹ̀ dé.

Ìrókò tuntun máa ń pọ́n bí ìyeyè, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹ má tètè tẹ́ rọ́ọ̀gì lé e. Ojú ibẹ̀ á yàtọ̀.

Ní Tanke, mo sọ fún wọn pé mi ò ní gbé ẹ̀rọ wá títí ọyẹ́ fi máa kọjá. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń nulẹ̀ mú aṣọ wá. Ó tì í bọ omi, ó fún un. Mo ní kó tún un fún. Ó tún un fún títí omi ò fi kán mọ́, ó fi nu ìwọ̀n ìbú ẹní kan. A dúró, a jọ ń wò ó. Kí n tó ka ogún tán, ojú pákó ti gbẹ. Mo ní, “Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ó lọ gbé garawa omi ọṣẹ kúrò nínú pálọ̀.