Bí a ṣe ń ṣe kámpù ewì ní Ìkògòsì fáwọn ọmọ tó dàgbà nílé ìtọ́jú

Kí n tó sọ bá a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe lọ́dún àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ tá a dé ni, a ti jẹun yó, mo wá ní kí kálukú dìde kó ki oríkì ìdílé ẹ̀, ṣé ibẹ̀ náà lèmi rò pé ewì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì kì í. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin ọdún 15 kan, ní "ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò kì í fún mi rí", ló bá dìde, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kò sọ̀ kalẹ̀ títí gbogbo wa fi lọ sùn àfi dírẹ́bà tó jókòó tì í. Ojú tì mí. Ọmọ tó dàgbà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tàbí tó ti gba ọwọ́ alágbàtọ́ mẹ́ta kọjá, níbo ló ti fẹ́ gbọ́ oríkì orílẹ̀? Torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìdílé o, ọ̀dọ̀ omi, igi, òkúta àti ẹyẹ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Igi kì í bi èèyàn pé ọmọ ta ni.

Ó dáa. Ìwé àṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ló ṣì jẹ́ lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, kò lè dá fọwọ́ síwèé, olórí ilé tó ń gbé ló máa fọwọ́ sí i, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba l'Ádó-Èkìtì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, torí fáìlì máa ń sùn lórí tábìlì. Àwọn tó ti lé ní 18 tí wọ́n ti kúrò nílé ìtọ́jú, àwọn yẹn lè fọwọ́ sí tiwọn fúnra wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé wọn, tí wọ́n bá ti kó ẹrù jáde báyìí ẹni tó ń pè wọ́n mọ́ kì í pọ̀. Ẹ bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò, ẹ bèèrè ikọ́ fée àti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ bèèrè oúnjẹ tí wọn kì í jẹ. Ohun tó gbé wọn dé ilé ìtọ́jú, ìyẹn ò kàn yín.

Ẹ má kó wọn pọ̀. Ọmọ 12 pẹ̀lú àgbàlagbà mẹ́rin ti tó, kí ọ̀kan nínú àgbàlagbà yẹn jẹ́ ẹni tó ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni má sì dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ pásítọ̀.

Ibi tó yẹ gan-an ni Ìkògòsì. Láti Adó, ẹ máa gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ tó já sí Erijiyàn. Àtìgbà táwọn míṣọ́nnárì Baptist ti débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950 ó lé ni wọ́n ti ń pàgọ́ síbẹ̀. Ìsun omi méjì ló wà ńbẹ̀, ọ̀kan gbóná ọ̀kan tutù, wọ́n ń ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ̀ wá pàdé, tẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹsẹ̀ kan á lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì á tutù. Mo ti rí ọmọ tó dúró síbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí tí ò sọ nǹkan kan. Àmọ́ lórísun ni omi gbígbóná yẹn ti gbóná jù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ tí wọn ò sì lọ síléèwé, ni mo fẹ́ràn jù. Kí wọ́n mú súẹ́tà wá, òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò. Ẹ fún kálukú níwèé ẹlẹ́yìn líle kan, nílọ́ọ̀nù tí wọ́n á máa wé e sí, àti pẹ́ńsù. Mo ní pẹ́ńsù o, kì í ṣe bírò, bírò kì í fẹ́ kọ lórí ìwé tí omi bá ti kàn.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má mẹ́nu kan ewì. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Lálẹ́ ẹ pa àlọ́ àpamọ̀. "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí ò kí ọba?" Wọ́n á pariwo pé àgbàrá òjò ni, ẹ ní kí àwọn náà pa tiwọn, wọ́n ti ń kéwì nìyẹn, wọn ò mọ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àtẹ̀yin náà, kí kálukú wábi jókòó sí lẹ́bàá omi fún 20 mínííìtì, kó kọ nǹkan márùn-ún tó gbọ́, tó gbóòórùn, tàbí tó fọwọ́ kàn. Mo máa ń fòfin de "ó rẹwà". Kó sọ pé ewé yẹn le bí awọ gángan, ìyẹn ni mo fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fún wọn ní ọfọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí rọ́pò. Ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin kan kọ:

Òkúta ló ni ooru, kì í ráhùn ooru.
Igi kòkó ló ni ibòji, kì í ráhùn ibòji.
Èmi ni mo ni orúkọ tí mo sọ ara mi,
n kì í ráhùn orúkọ.

Ó wá bi mí bóyá "orúkọ" ẹ̀ẹ̀mejì ò ti pọ̀ jù. Mo ní kò pọ̀ rárá.

Èkìtì la wà, kò sí bá ò ṣe ní gúnyán, ẹ lo odó yẹn dáadáa. Kí ọmọ méjì máa gún un, kí ẹ̀kẹta máa ka ewì ẹ̀ sí i. Ìlà tó bá gùn jù, ọmọ odó á já bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀, òun fúnra ẹ̀ á gbọ́ ọ, á lọ gé e, ẹ̀yin ò ní láti sọ nǹkan kan.

Àwọn tí ojú ń tì láti kàwé níwájú èèyàn, ọjọ́ kẹta ni tiwọn. Ẹ kó wọn lọ sí Àrinta, ìtàkìtì omi tó wà ní Ìpólé-Ìlórò nítòsí ibẹ̀, kí wọ́n dúró níwájú omi kí wọ́n fi gbogbo ohùn ka tiwọn. Omi yẹn ń pariwo, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá wù lè ṣe oríkì ara ẹ̀ látinú ohun tó ti rí, ẹni tí ò bá wù kó máa sun àgbàdo jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n kọ ìtàn ìyà tó jẹ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí olówó kankan gbé ìrẹsì àti kámẹ́rà wá. Tọ́mọ bá sunkún, kí ẹnì kan tó mọ̀ jókòó tì í, kò sídìí ìwàásù. Ẹni tó bá kọ "ulé", ẹ má tún un ṣe sí "ilé", èdè ẹ̀ ni. Àwòrán, ẹ̀yìn orí àti ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ yà, ọmọ ló sì ni ewì ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e sórí Facebook láìbi í.

Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ máa pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ sì pè. Ọmọ inú bọ́ọ̀sì yẹn, nígbà tí mo pè é, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá dírẹ́bà ti tún ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣe, pé kì í pa dé dáadáa, òun ti fi sínú oríkì tóun ń kọ fún bọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n bá ti tún un ṣe òun máa ní láti yí ìlà yẹn padà.